Kànga Ilé Bàbá Àgbà Rẹ

Ọ̀yọ́,
Ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Mùlíkátù, Àṣàbí mi, ọmọ tí mo bí tó fojú jọ ìyá mi,

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ìwọ àti Kàmọ́rù ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ mo ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo sì ń ya Ọjà Akẹ̀sán bọ̀ bí n bá fẹ́ ra iṣu. Má dààmú nípa oúnjẹ mi.

Ẹnu yóò yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ. O ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé kí n máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tí o ní, "Bàbá, wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá àwọn wolé-wolé ní káńsù wa," mo ṣàdúrà fún ọ, mo sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀. O ní họ́sítẹ́lì tuntun tí Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, kọ́ sí àdúgbò Under G, kànga rẹ̀ ti sún mọ́ sókáwè, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé náà, jù. Pé àwọn ọmọ yunifásítì ti ń kó ẹrù wọlé. Pé ìwé ìyọ̀ǹda wà lórí tábìlì rẹ, ìbuwọ́lù rẹ nìkan ló kù. O ní, "Bàbá, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀gbọ́n Múfú ló gba Kàmọ́rù síṣẹ́. Àwọn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí Fàrúkù."

Mo ní kí o fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ kí n rò ó. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo ti mọ èsì rẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí n ó ṣe fún ọ lésì láì kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Jókòó. Bí àwọn ọmọ bá wà nítòsí, ní kí wọ́n lọ ṣeré níta ná.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo di wolé-wolé ní Ọ̀yọ́ níbí. Káńsù fún mi ní aṣọ káakí, kẹ̀kẹ́ ológeere, téèpù tí a fi ń wọn ilẹ̀, àti ìwé ìkìlọ̀ tó jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta. Bí mo bá yọ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin á máa sáré gbá iwájú ilé, wọ́n á máa bo ìkòkò omi. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù. N kò mọ̀ pé aṣọ ni.

Ilé kan wà lẹ́yìn ọjà nígbà náà, oníyàrá mẹ́rìnlá, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Alhaji Bùsàrí ló ni ín. O mọ Alhaji Bùsàrí. Bàbá àgbà rẹ ni, bàbá tó bí ìyá rẹ, ẹni tó máa ń gbé ọ lé itan bí a bá lọ kí i lọ́dún Iléyá. Ọdún tí mò ń sọ yìí gan-an ni mò ń fẹ́ ìyá rẹ sọ́nà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ bá Alhaji lẹ́ẹ̀kan, wọn kò tíì gba èsì.

Lára àwọn tó yá yàrá nínú ilé náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Déborà, aránṣọ, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ọkọ rẹ̀, Láyíwọlá, jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń wa ọkọ̀ èrò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Déborà wá sí ọ́fíìsì wa, ó gbé omi sínú ìgò, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn omi yìí."

Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo yára dé e padà.

"Níbo lẹ ti fa eléyìí?"

"Kànga ilé Alhaji Bùsàrí ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ṣalángá tuntun ló ti ń rùn báyìí. Ọmọ mi kékeré ń yàgbẹ́ ṣáá. A sọ fún Alhaji, wọ́n ní ká máa sè é."

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ náà. Ṣalángá wà lókè, kànga wà nísàlẹ̀, àyè tó wà láàárín wọn kò tó ìdajì èyí tí òfin wí. Kò sí àwíjàre kankan níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, mo kọ ìwé ìkìlọ̀: kí wọ́n dẹ́kun mímu omi kànga yìí lónìí, kí wọ́n dí ṣalángá, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ibòmíràn. Déborà dúró tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sí iwájú ilé láti lọ fi ìwé náà lé Alhaji lọ́wọ́.

Ó jókòó sórí búùsù, awọ àgbò tó fi ń kírun, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ Nímọ́tà ọmọ mi. Mo ń gbé e yẹ̀wò. Mo fẹ́ mọ irú ọkùnrin tí ìwọ jẹ́." Ó wo ọwọ́ mi. "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, sà."

Àṣàbí, bàbá àgbà rẹ kò bẹ̀ mí. Kò fún mi ní ohunkóhun, kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo ká ìwé náà, tí mo tì í bọ àpò. Ó tiẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbọ́ pé omi kànga kò dára tó, pé òjò ló ń dà á rú, pé bí ọdún Iléyá bá ti kọjá òun á wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀, sà." Bí mo ṣe ń jáde, Déborà ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ ti fún wọn níwèé náà?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn ọdún."

"Sùúrù kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà gbóòórùn rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ máa sè é."

Ọdún Iléyá kò tíì dé tí àrùn onígbáméjì fi wọ ilé náà. Ìbùkún, ọmọ Déborà kékeré, ló kọ́kọ́ mú. Ọwọ́ ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀, kò rí ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú Déborà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gún lára rẹ̀ kí omi lè wọlé. Iṣan ti sá wọlé. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló kú sí. Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ rẹ̀ wà. Ìgbà tó já èrò sílẹ̀ ní gáréèjì ni wọ́n tó sọ fún un.

Ó mú ìyá rẹ náà. Òun náà mu nínú omi yẹn, ilé bàbá rẹ̀ kúkú ni. Ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kó tó lajú. Mo jókòó síta ilé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ wo bí ọmọkùnrin yìí ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ọ̀gá mi pe gbogbo wa jọ lọ́ọ́fíìsì. Ó bi wá pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mú ẹjọ́ kànga yẹn wá síbí ṣáájú?" Mo ní, "Rárá, sà." Mo gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì lọ, mo fa ẹ̀dà ìwé náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, mo sì tẹ̀ wọ́n mọ́ inú ẹrẹ̀ títí n kò fi rí lẹ́tà kankan mọ́ lára wọn.

Bàbá àgbà rẹ fi òkúta dí kànga náà fúnra rẹ̀. Ó sunkún. Àwọn alfa ní kádàrá ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi lésì, ó ní òun ti rí i pé ọmọlúàbí ni mí. Bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ nìyẹn. Ìfẹ́ tí mo ní sí i kì í ṣe irọ́, ìwọ náà kì í ṣe èso irọ́, má ṣe jẹ́ kí ìyẹn wá sí ọkàn rẹ rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń yìn mí lójú ìyá rẹ, mo máa ń wá nǹkan kan ṣe, kí n má bàa wo ojú rẹ̀. Ó bá mi gbé títí ó fi kú, n kò sọ fún un. Bóyá ó mọ̀. N kò bi í.

Láyíwọlá kò kúrò ní Ọ̀yọ́ kíá. Ó wà ní gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kù. Ibi yòówù tó bá ti rí mi, á dẹ ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á yọrí jáde: "Wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́ o!" Lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ara á tù mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ibi iṣẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé ikú ìyá rẹ, mo ní mò ń bọ̀ wá kí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. O rántí pé mo pẹ́ kí n tó dé, tí o ń pè mí lórí fóònù? Ilé Láyíwọlá ni mo yà sí. Mo ti wádìí ibi tó ń gbé. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ìkan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán.

"Dìde, wolé-wolé. Mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Déborà sọ fún mi lọ́jọ́ tí o wá wọn ilẹ̀. Ó ní o ti kọ ìwé, ó ṣojú òun. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mi ò rí ìwé kankan lára ògiri, ó yé mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń kí mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?"

"Kí o lè máa rí mi ni."

Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó ní, "N kò mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí n purọ́ fún ọ?" Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ òun gbé omi wá fún àlejò. Mo mu ún lójú wọn.

Ohun èkíní tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí, ọmọ mi. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé rìbá ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Rìbá ń bà á jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú máa ń rí rìbá. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ọ́, tí ìwọ fúnra rẹ lọ ń ro ohun tí inú àna yóò dùn sí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ẹ̀gbọ́n Múfú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bàbá àgbà rẹ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ká ní mo fi ìwé yẹn lé e lọ́wọ́ ni, bóyá ìbá bínú, bóyá ìbá fi ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kì bá tí gbé ikú ènìyàn méjì lọ sí sàréè rẹ̀. Mo fi ohun tó yẹ kó mọ̀ dù ú. Mo pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

Má sì rò pé lẹ́yìn èyí mo di ẹni rere. Mo di ẹni líle ni, ìyẹn sì yàtọ̀.

Ìkejì. Nígbà tí ìwọ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, mo ti di igbákejì ọ̀gá. Ilé alámọ̀ kan wà ní àdúgbò wa, ògiri rẹ̀ kan ti fẹ̀yìn, ó ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti búra pé n kò ní ká ìwé kankan bọ àpò mọ́ láyé. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí gbogbo wọn jáde láàárín ọjọ́ méje. Wọ́n bẹ̀ mí. Mo ní òfin ni. Ìyá arúgbó kan wà nínú wọn tó ń ta ọṣẹ dúdú, Ìyá Olóṣẹ là ń pè é. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, níbo ni kí n lọ?" Mo ní, "Mama, ẹ̀mí yín ni mò ń dáàbò bò." Inú mi dùn sí èsì tí mo fọ̀.

Ọjọ́ keje pé, a tì wọ́n jáde, a kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó lọ́mọ lọ bá ọmọ. Ìyá Olóṣẹ kò lẹ́nìkan. Ó sùn sí abẹ́ ìsọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, òjò ń pa á. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé padà sí yàrá rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ògiri náà sì wó, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ní mo ti kìlọ̀. Káńsù tiẹ̀ yìn mí. Lórí ọ̀rọ̀ ògiri, èmi ni mo jàre. Lórí ọ̀rọ̀ ènìyàn, mo kùnà pátápátá. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kọ "ẹ jáde" sára ilé, kọ́kọ́ mọ ibi tí wọn yóò sùn. Lọ bá ìmáàmù, lọ bá pásítọ̀, lọ bá mọ́gàjí, bi wọ́n bóyá yàrá wà. Àwọn ọmọ tó wà ní Under G yẹn, òbí wọn wà ní ìlú òkèèrè, wọ́n ti san owó yàrá. Bí o bá ti họ́sítẹ́lì náà pa lójijì, wọn yóò lọ há mọ́ yàrá mìíràn, mẹ́fà-mẹ́fà, níbi tí kànga rẹ̀ lè burú jù èyí lọ. Kànga ni kí o tì pa. Máa wá omi fún wọn kí o tó tì í. Ìbínú kì í ṣe ìmọ́tótó.

Èyí tó tẹ̀lé e, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ni mo lè pè é. Lẹ́yìn ikú Ìyá Olóṣẹ, mo gbà á lérò pé káńsù ló yẹ kí n máa kọ ìwé ìkìlọ̀ sí, kì í ṣe àwọn tálákà. Mo kọ ọ́: pé àdúgbò ẹ̀yìn ọjà nílò omi ẹ̀rọ, ó nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, ó nílò ibi tí a lè gbé ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ wó sí. Alága dá mi lóhùn pé, "A ti rí lẹ́tà yín, a ń gbé e yẹ̀wò." Mo kọ òmíràn. Alága mìíràn dé, mo kọ fún òun náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Oníwèé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn káńsílọ̀ bi mí níjọ́ kan níwájú gbogbo ilé pé, "Alàgbà, àwọn wo gan-an lẹ ń sọ̀rọ̀ wọn? Gbogbo ìgbà lẹ ń wí pé àwọn ará àdúgbò, àwọn ará àdúgbò."

Ìbéèrè yẹn dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí ìpàdé mìíràn pé, mo kó obìnrin mọ́kànlá lẹ́yìn láti ẹ̀yìn ọjà, ti Mùsùlùmí ti Aládùúrà, a jọ wọlé. N kò sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní, "Orúkọ mi ni Sàfúrátù, ọmọ méjì ni mo sin." Ó jókòó. Ẹlòmíràn dìde. Káńsílọ̀ yẹn kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Omi ẹ̀rọ dé. Ó gbà wọ́n lọ́dún mẹ́ta kó tó dé, wọ́n sì gbé e sí ẹnu géètì olówó kan, kì í ṣe àárín àdúgbò. Àwọn obìnrin ní láti kúnlẹ̀ kí i kí wọ́n tó pọnmi. Ṣùgbọ́n wọ́n pọn ọ́n. Fún bí ọdún mẹ́sàn-án, onígbáméjì kò pa ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn, èyí tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò dé títí mo fi fẹ̀yìn tì.

N kò fẹ́ tàn ọ́ jẹ. Ohun tí gbogbo ọdún mi rí gbà nìyẹn: ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu géètì. Bí o bá ń retí kí wọ́n yìn ọ́, kúrò níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn ti dàgbà. Mo máa ń rí wọn lọ́jà, wọn kò mọ̀ mí. Má ṣe sọ̀rọ̀ lórúkọ ènìyàn bí wọ́n bá lè fẹnu ara wọn sọ ọ́. Tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tí o bá kọ sílé, kì í ṣe lọ́ọ́fíìsì nìkan. Má ṣe kọ "ará ìlú", kọ orúkọ. Má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ "ẹ ṣe sùúrù" dá ẹnikẹ́ni lóhùn láyé rẹ, àyàfi bí ìwọ náà yóò bá mu nínú omi náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ.

Má buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda yẹn; ìwé ìkìlọ̀ ni kí o kọ sí i, má sì fi í rán ẹnikẹ́ni. Má ṣe fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Kọ́kọ́ sọ fún Kàmọ́rù, kó má bàa jẹ́ pé níta ni yóò ti gbọ́. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ, kí o lọ bá Ẹ̀gbọ́n Múfú nílé rẹ̀ ní ojúmọmọ. Kúnlẹ̀, kí o kí i bí ìyàwó ilé ṣe ń kí àna. Dúpẹ́ oore tó ti ṣe. Lẹ́yìn náà fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, kí o kà á sí i létí. Bó bá bi ọ́ pé, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?" o mọ ohun tí bàbá rẹ wí. Má wí i. Kó o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ fún un pé kó máa rí ọ bí ọmọ rẹ̀, pé ìwọ kò fẹ́ kí òkú kankan wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó lè gbà. Àwọn míì máa ń gbà, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ó sì lè kọ̀, kí gbogbo ìdílé kọ ẹ̀yìn sí ọ, kí iṣẹ́ Kàmọ́rù tán, kí wọ́n máa pè ọ́ ní ìyàwó tó wá tú ilé. N kò lè ṣèlérí pé ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ gan-an ni.

Kí Ọlọ́hun tó ń fi omi gbé gbogbo ẹ̀dá ró má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n. Kí Ó foríjin Déborà àti ọmọ rẹ̀, àti ìyá arúgbó yẹn, àti ìyá rẹ. Kí Ó dá mi lẹ́jọ́ pẹ̀lú àánú, nítorí n kò ní àwáwí.

Bí ilé ọkọ bá wá gbóná jù, má dúró máa ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Mú àwọn ọmọ dání, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́. Káfíńtà wá lánàá, ó ti tún ilẹ̀kùn yàrá rẹ ṣe, ó ń tì dáadáa báyìí. Mo gbá ibẹ̀, mo sì sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn. N kò gbàdúrà pé kí o nílò rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ibi tí wàá sùn kó o tó lọ kọ ìwé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláwù.